Nígbà tí Máṣíìnì Bá Ń Gbọ̀n Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún gbogbo ẹni tí ó ń gun máṣíìnì, àti fún ẹni tí ó ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ó le, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ tún un kà.

Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá kan wà tí ó ń ti apá Ògbèrè wá. Àgbẹ̀ ni. Máṣíìnì ni ó fi ń gbé ẹ̀gẹ́ àti gaàrí. Máṣíìnì rẹ̀ ga nílẹ̀, táyà rẹ̀ sì ní eyín ńláńlá. Irú èyí tí ó ń rin ọ̀dà, tí ó sì ń rin ọ̀nà oko ni. Bàbá yìí ti mọ lẹ́tà kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ìlà ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Pẹ́ńsùlù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa rò pé oorun ni. A tilẹ̀ bá a wí díẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni ò gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí máṣíìnì báyìí, ńṣe ló máa ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀."

Ojú tì wá. A bi í léèrè, ó sì rò fún wa. Ó ti tó oṣù kan tí máṣíìnì náà ti ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ìyẹn tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì rẹ̀. Owó gaàrí ọjà mẹ́ta bá a lọ. Nígbà tí wọ́n tò ó padà tán, máṣíìnì ṣì ń gbọ̀n bí ó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀.

A bá a wá mẹkáníìkì mìíràn, àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Kò mú sípánà kankan. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ bi bàbá náà, mẹ́rin péré. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó nu ẹrẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ fírémù. Bóòtù kan ti já bọ́ níbẹ̀. Bóòtù kejì, ìka ọwọ́ lásán ló fi yí i. Kò ju ìdajì wákàtí lọ, iṣẹ́ ti parí.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Kí a tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi máṣíìnì léèrè. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà.

ÈÉṢE TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ FI Ń GBỌ̀N?

Ẹ wo ìyá tí ó ń gún iyán. Bí ọmọ odó ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ń mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni písítìnì ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Máṣíìnì kékeré kì í sábà ní ju písítìnì kan ṣoṣo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe ní Jámánì ní ọdún 1885 náà ṣe rí. Igi ni wọ́n fi ṣe fírémù rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, písítìnì ń lọ sókè ó sì ń padà bọ̀ ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni! Bí ó bá ti dókè, ó gbọ́dọ̀ dúró kí ó tó yí padà. Agbára tí ó fi ń dúró tí ó fi ń yí padà yìí ni ó ń ti ẹ́ńjìnnì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ìyípo náà bá di ìlọ́po méjì, agbára ìgbọ̀n náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí máṣíìnì tí ó ń rọra gbọ̀n nígbà tí a ń lọ jẹ́jẹ́ fi lè máa jà lọ́wọ́ ẹni nígbà tí a bá sáré.

Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì mọ èyí. Ẹni tí ó bá gbé korobá omi kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ara rẹ̀ yóò wọ́ sápá kan. Bí ó bá gbé òmíràn lọ́wọ́ òsì, ara rẹ̀ á tọ́. Nítorí náà wọ́n fi irin tí ó wúwo sí ara kíráńkì, èyí tí písítìnì ń yí, kí ó lè dà bí korobá kejì. Ẹ́ńjìnnì mìíràn tún ní ọ̀pá kan sí i tí ó ń yí ní òdìkejì, kí ìgbọ̀n lè dín kù. Síbẹ̀ kò lè tán pátápátá. Ìgbọ̀n díẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Nítorí èyí, ẹ kọ́kọ́ mọ bí máṣíìnì yín ti ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le. Ìyá mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún àìsàn lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Táyà eléyín ńláńlá pàápàá máa ń gbọ̀n díẹ̀ lórí ọ̀dà, yóò sì dákẹ́ bí a bá wọ ọ̀nà oko. Ìyẹn kò burú. Èyí tí a ní kí ẹ ṣọ́ ni ìgbọ̀n tuntun, èyí tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Ìbéèrè kìn-ín-ní: Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti tú, kí ó ti já, tàbí kí ó ti ṣẹ́. Bí ó bá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan máa jẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹnì kan tún un ṣe ni ó bẹ̀rẹ̀, ibi tí onítọ̀hún fọwọ́ kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè kejì: Ṣé ó ń gbọ̀n nígbà tí a dúró? Ẹ gbé máṣíìnì dúró ní ìta gbangba, ẹ yọ gíà, ẹ ta á, kí ẹ sì rọra fún un ní epo. Ẹ má ṣe é nínú yàrá o, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì lè pa ènìyàn. Bí ó bá ń gbọ̀n níbi tí ó dúró sí, ara ẹ́ńjìnnì tàbí àwọn bóòtù tí ó dì í mú ni ọ̀ràn wà. Bí kò bá gbọ̀n àfi tí a bá ń rìn, ẹ lọ wo ṣéènì àti àwọn wíìlì.

Ìbéèrè kẹta: Bí a bá fa klọ́ọ̀ṣì lórí ìrìn ńkọ́? Ẹ ṣe èyí lórí ọ̀nà tí ó tọ́ tí kò sí ènìyàn, kí ẹ má sáré, kí ẹ sì dé akoto. Ẹ fa klọ́ọ̀ṣì kí ẹ sì dá epo dúró. Bí ìgbọ̀n náà bá dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ti rọlẹ̀, apá ẹ́ńjìnnì ni. Bí ó bá ń bá a lọ, tí ó ń dín kù kìkì bí máṣíìnì ti ń rọra sí i, apá wíìlì ni.

Ìbéèrè kẹrin: Ibo lára ni a ti ń mọ̀ ọ́n? Bí ó bá pọ̀ jù lọ́wọ́, ẹ yẹ wíìlì iwájú àti àwọn bóòtù tí ó di ọwọ́ máṣíìnì mú wò. Bí ó bá pọ̀ ní ẹsẹ̀ àti ìdí, ẹ yẹ àwọn bóòtù ẹ́ńjìnnì, ṣéènì àti wíìlì ẹ̀yìn wò. Èyí kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó ń júwe ọ̀nà.

BÍ A ṢE Ń WÁ A

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ná wa lówó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Sáláńsà gbígbóná kì í mọ olówó rẹ̀. Ẹ má sì ṣe mú ọwọ́ sún mọ́ ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ìka púpọ̀ ti bá ìwà bẹ́ẹ̀ lọ.

1. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ wá gbogbo bóòtù tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ fírémù, níwájú, lókè, lẹ́yìn àti nísàlẹ̀. Ẹ fi sípánà tí ó bá orí rẹ̀ mu dán an wò. Èyí tí ó bá tú, ẹ dè é; ẹ má ṣe fi gbogbo agbára dè é jù, kí ó má baà já. Èyí tí ó ti já bọ́, ẹ má ṣe fi wáyà dí i. Ẹ ra bóòtù tí gígùn àti nípọn rẹ̀ bá a mu, pẹ̀lú wọ́ṣà rẹ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀tì sáláńsà àti ti ibi ìtẹ̀sẹ̀ pẹ̀lú.

Ọgbọ́n kan rèé tí kò náni ní ju ọ̀dà kíkùn díẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì dáadáa, ẹ fa ìlà funfun kan láti orí nọ́ọ̀tì náà dé ara fírémù. Láràárọ̀, ẹ wo ìlà náà. Bí ìlà méjèèjì kò bá pàdé ara wọn mọ́, nọ́ọ̀tì ti yí nìyẹn.

2. Fírémù. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun, tí ìpáàtà pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fírémù ń là. Ẹ má gun un mọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n sì tú okùn bẹ́tìrì sílẹ̀ kí wọ́n tó jó o.

3. Ṣéènì. Ẹ fi ìka gbé ṣéènì sókè sódò ní àárín méjì. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré, ó yẹ kí ó mì ní ìwọ̀n milimita 20 sí 30. Ti àwọn tí ó ga nílẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìwé tí ó bá máṣíìnì yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ yí wíìlì ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, títí yóò fi yí po. Bí ó bá le níbì kan tí ó sì dẹ̀ níbòmíràn, ṣéènì ti jẹ. Ẹ wo eyín irin tí ṣéènì ń rìn lé. Bí ó bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ pààrọ̀ ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó ti gbó yóò tètè ba tuntun jẹ́.

4. Wíìlì. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ gbé wíìlì sókè kí ẹ yí i: ṣé ó ń yí gbọọrọ, àbí ó ń fì? Ẹ mú un lápá òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ mì í. Bí ó bá ń mì, bẹ́árìnnì rẹ̀ ti jẹ. Ẹ fi sípánà kékeré lu àwọn sípóòkù níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó le yóò dún gbinrin. Èyí tí ó ti tú yóò dún pọ̀. Ẹ ò nílò ìwé láti mọ ìyàtọ̀ ìró méjèèjì.

5. Iná àti epo. Ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ ń já a kì í gbọ̀n déédéé. Ńṣe ni ó máa ń fò bí ẹni tí ó ń húkọ́. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ojú rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tí kò dúdú jù, ó dára. Bí ó bá dúdú kírikíri bí èédú, epo ti pọ̀ jù tàbí ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Bí ó bá funfun, epo kò tó, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná jù. Bí ó bá tutù fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọ ibi tí iná ti ń jó. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì sábà máa ń wà láàárín milimita 0.6 sí 0.8. Ẹ wò ó bóyá omi ti wọ epo pẹtiróòlù, pàápàá nígbà òjò.

6. Ọ́ìlì. Ẹ gbé máṣíìnì dúró ṣánṣán, kí ẹ wọn ọ́ìlì. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ da èyí tí ó ti gbó sínú àwo funfun kí ẹ gbé e sóòrùn. Bí ẹ bá rí ègé irin tí ń dán nínú rẹ̀, ohun kan ń jẹ nínú ẹ́ńjìnnì.

7. Inú ẹ́ńjìnnì. Ibí ni ìkẹyìn. Bí ẹ bá ti yẹ ohun gbogbo wò tí kò sí àléébù, tí ẹ́ńjìnnì sì ń kan gbọ́-gbọ́-gbọ́, tàbí tí irin wà nínú ọ́ìlì, ẹ dá máṣíìnì dúró. Bẹ́árìnnì kíráńkì tàbí irin tí ó so písítìnì mọ́ kíráńkì lè ti jẹ. Bí ó bá já lórí ìrìn, wíìlì ẹ̀yìn lè dúró gbagidi, kí ẹni tí ń gùn ún sì ṣubú. Bí wọ́n bá sì ti tú ẹ́ńjìnnì rí, tí ó ní ọ̀pá kejì tí a sọ lókè, ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ó fi àmì ọ̀pá náà kan àmì kíráńkì nígbà tí ó ń tò ó. Bí àmì méjèèjì kò bá bára mu, ohun tí wọ́n fi síbẹ̀ láti dín ìgbọ̀n kù ni yóò máa fi kún un.

ỌWỌ́ TÍ Ń KÚ TIPIRI

Ẹ má fi ọ̀ràn ọwọ́ ṣeré. Ìgbọ̀n tí ó bá pẹ́ lára ń ba iṣan àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ìka jẹ́. Ní ọdún 1911, dókítà kan ní Ítálì tí ń jẹ́ Giovanni Loriga kọ̀wé nípa rẹ̀ lára àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ òkúta. Ní 1918, Dókítà Alice Hamilton rí irú rẹ̀ ní Indiana ní Amẹ́ríkà. Nínú òtútù, ìka àwọn òṣìṣẹ́ náà ń funfun. Níhìn-ín tí ilẹ̀ gbóná, kíkú tipiri àti ìrìn bí èèrà ni a máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ la gẹdú náà mọ̀ ọ́n. Bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí a sì tètè yẹra fún ìgbọ̀n náà, ó lè lọ. Bí ó bá ti wọra, ó lè má lọ mọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ọwọ́ yín bá ń kú lẹ́yìn ìrìn, ẹ wá ohun tí ń gbọ̀n, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ọ̀ràn náà kò sì mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gùn ún. Ní ilẹ̀ Gámbíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gun máṣíìnì lọ sí abúlé láti gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára àti láti tọ́jú aboyún. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Riders for Health kọ́ wọn láti máa yẹ máṣíìnì wọn wò lójoojúmọ́ kí wọ́n tó gbéra, nọ́ọ̀tì àti bóòtù kò sì gbẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ rò ó wò: nọ́ọ̀tì kan tí ó já bọ́ lè mú kí abẹ́rẹ́ má dé abúlé lọ́jọ́ náà.

Ẹ NÍ ÌWÉ FÚN MÁṢÍÌNÌ

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ máṣíìnì sínú rẹ̀. Ọjọ́, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí bàbá Ògbèrè ṣe kọ tirẹ̀:

Ọjọ́ Ajé. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Kò sí irin nínú rẹ̀.
Ọjọ́rú. Ó gbọ̀n nígbà tí mo sáré. Mo dúró, mo ta á, kò gbọ̀n.
Ọjọ́bọ̀. Mo yẹ wíìlì wò. Sípóòkù méjì tú lẹ́yìn. Wọ́n dè é.
Ọjọ́ Ẹtì. Kò gbọ̀n mọ́.

Ìlà mẹ́rin péré! Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ni kí a tú. Ẹni tí ó bá ní ìwé lọ́wọ́, ẹlòmíràn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí i po.

Bàbá náà sinmi máṣíìnì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ èrò ni ó fi ń wá sí kíláàsì. Nígbà tí ó tún mú pẹ́ńsùlù, ìlà rẹ̀ kò wọ́ mọ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, nítorí àwa náà ti ṣe bí mẹkáníìkì àkọ́kọ́: a bá a wí kí a tó bi í léèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN YÍN

1. Kí ni ó mú kí ìwé bàbá náà máa wọ́?
2. Bí máṣíìnì bá ń gbọ̀n nígbà tí ó dúró, apá ibo ni ẹ ó kọ́kọ́ wò?
3. Kí ni ìlà funfun orí nọ́ọ̀tì ń sọ fún wa?
4. Kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ bá rí ègé irin nínú ọ́ìlì?
5. Ẹ yẹ máṣíìnì kan wò lọ́la, ti yín tàbí ti aládùúgbò yín. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.